Bí A Ṣe Ń Po Kọ́kìtéèlì Tí Kò Lọ́tí Nínú fún Àlejò 30

Àlejò tí kì í mu ọtí ti mọ ohun tí wọ́n máa gbé ka iwájú òun kó tó jókòó: mínírà kan, mọ́ọ̀tì kan, tàbí omi inú ike. Ẹni tó jókòó tì í, tó ń mu ọtí ní tirẹ̀, á rí gíláàsì gígùn, á rí yìnyín, á rí ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé há etí ife. Kò sídìí tó fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó máa gbé ìdílé rẹ̀ padà sílé, aboyún, ẹni tó ń lo oògùn, Alhaja tó wá bá yín ṣe ìkómọ: ife tí a fara balẹ̀ pò tọ́ sí gbogbo wọn. Òde wákàtí 4, àlejò 30, la fi ṣe ìṣirò gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ohun tí ọtí ń ṣe nínú ife

Ọtí kì í kàn ń pani nínú kọ́kìtéèlì. Ó ń ta ọ̀fun, ó ń korò díẹ̀, ìyẹn ló sì ń mú kéèyàn máa fà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọtí kúrò tí ẹ fi ṣúgà dí àyè rẹ̀, omi èso lásán lẹ pò. Àlejò á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, ife kejì á sì sú u. Ohun mímu tó dùn tí kò kan, tí kò korò, tí kò ta, ọmọdé lẹ pò ó fún.

Nǹkan mẹ́rin ló ń dí àyè ọtí: ohun kíkan, ohun kíkorò, ohun tó ń ta, àti ohun tó ń mú ẹnu gbẹ díẹ̀ bí ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lọ́jà wa. Ọsàn wẹ́wẹ́, zobo àti àjàgbọn ń kan. Orógbó àti èèpo ọsàn ń korò. Atalẹ̀ àti ataare ń ta. Tíì dúdú àti zobo tó ki ń mú ẹnu gbẹ. Iyọ̀ fín-ín-ní nínú jọ́ọ̀gì kan á tún jẹ́ kí adùn èso jáde. Bí àlejò bá lè mọ̀ pé iyọ̀ wà níbẹ̀, ó ti pọ̀ jù.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fi ewé àti èèpo igi ṣe omi tí wọ́n ń tà bí ẹní ta jíìnì. Seedlip, tó jáde ní 2015, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lókìkí nínú wọn. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún tí owó rẹ̀ sì ká a lè rà á. Ẹni tí orógbó àti ataare wà nítòsí rẹ̀ kò nílò rẹ̀.

Ìṣirò

Ẹ fi ife 2 sí wákàtí àkọ́kọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí oòrùn ọ̀nà á ti gbẹ wọ́n lọ́fun, kí ẹ sì fi ife 1 sí wákàtí kọ̀ọ̀kan tó kù. Ìyẹn jẹ́ ife 150. Ẹ ka 30 sí omi lásán, ó ku 120. Bí ẹ bá pò oríṣi 3, ife 40 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe ju oríṣi 3 lọ. Ẹni tó ń bu nǹkan fún èrò kò lè rántí oríṣi 6, ìlà á gùn, yìnyín á sì máa yọ́ níbi tí àlejò ti ń ronú èyí tó fẹ́.

Gíláàsì tó ń gba mílílítà 300 ló dáa. Lẹ́yìn tí yìnyín bá ti wọ inú rẹ̀, ohun mímu bíi mílílítà 180 ló máa gbà. Ẹ wá ife kékeré tó ń bá oògùn olómi ọmọdé wá, èyí tí wọ́n fa ìlà 5, 10 àti 15 sí lára. Kò sí òṣùwọ̀n ilé ọtí tó dáa jù ú lọ, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ní in nínú dúrọ́ọ̀ ìdáná.

Ohun tí ẹ máa rà:

- òdòdó zobo gbígbẹ, gíráàmù 250
- ọ̀pẹ̀yìnbó tó pọ́n dáadáa, 8 tàbí 9
- ọsàn wẹ́wẹ́, bíi 60
- atalẹ̀ tútù, gíráàmù 400
- ṣúgà, kílò 1
- orógbó 6, ataare 1, kànáfùrù 10
- ewé efinrin, ìdì 1
- ọsàn mímu 10, kùkúńbà 4
- Fanta ọlọ́sàn 7 àti Sprite 7, onídàajì lítà
- Ribena tó ki, mílílítà 420
- omi sódà, lítà 6
- píọ̀ wọ́tà, àpò 2, fún yìnyín

Ọsàn wẹ́wẹ́ 60 lè dà bíi pé ó pọ̀. Kò pọ̀. Ẹyọ kan kì í mú ju mílílítà 20 sí 25 wá, ẹ sì máa lo bíi lítà kan àti díẹ̀. Ẹ yan èyí tí èèpo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń dán. Èyí tí èèpo rẹ̀ le bí awọ kì í lómi.

Ọtí tó fara pamọ́

Ẹni tó sọ fún àlejò pé kò sí ọtí gbọ́dọ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà. Chapman tí wọ́n ń tà káàkiri Nàìjíríà sábà máa ń ní Angostura nínú, omi kíkorò inú igò kékeré yẹn tí ìwé ara rẹ̀ tóbi ju igò lọ. Ìdá 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ọtí. Ẹ̀kán díẹ̀ nínú jọ́ọ̀gì kò lè pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n lójú Mùsùlùmí, tàbí ẹni tó ti jáwọ́ nínú ọtí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe bóyá ó ń pani. Fánílà olómi náà ńkọ́? Òfin Amẹ́ríkà ní kí ojúlówó rẹ̀ ní ọtí tó ìdá 35 ó kéré tán. Bíà tí wọ́n ní kò lọ́tí lè ní ìdá 0.5 ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 0.0 sí lára lẹ máa wò bí ẹ bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀.

Èyí tó ń yani lẹ́nu jù ni ọtí tí ẹ fọwọ́ ara yín pọn láìmọ̀. Ìwúkàrà wà lára èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó àti atalẹ̀ láti oko wá. Ẹ po omi wọn mọ́ ṣúgà, kí ẹ gbé e sórí tábìlì ìdáná láti àárọ̀ títí di ọjọ́ kejì, ohun tó ń ṣe ẹmu á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Bí ike bá wú, tí ìdérí rẹ̀ pariwo nígbà tí ẹ ṣí i, tí ó ń hó láìsí iná nídìí rẹ̀, kò yẹ fún òde yìí mọ́. Inú fíríìjì ni kí gbogbo rẹ̀ wà, kó má sì ju ọjọ́ 3 lọ, àyàfi omi atalẹ̀ tí ẹ fi ṣúgà sè.

Ọjọ́ méjì ṣáájú

Yìnyín ló ṣáájú. Ọ̀rá 20 ló wà nínú àpò píọ̀ wọ́tà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, nítorí náà àpò 2 á fún yín ní kílò 20. Ife 120 á jẹ nǹkan bíi kílò 14, ìyókù á lọ sí èyí tó máa yọ́. Ẹ fọ ara ọ̀rá náà, ẹ nù ún, kí ẹ tẹ́ wọn sínú fírísà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tò wọ́n léra, àárín òkìtì ò ní dì bọ̀rọ̀, pàápàá níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Yìnyín búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tà lọ́jà, inú kúlà ni kí ẹ kó o sí láti mú igò tutù. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú ife, torí ẹ ò mọ omi tí wọ́n fi dì í.

Zobo ló kàn. Ẹ ṣa ìdọ̀tí ara rẹ̀, ẹ fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, torí iyanrìn máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé omi lítà 4 àbọ̀ kaná nínú ìkòkò tánganran. Ẹ má lo alumíníọ̀mù: zobo kan, á jẹ ìkòkò náà, ìtọ́wò irin á sì wọ inú rẹ̀. Bí omi bá ti hó, ẹ paná, kí ẹ tó da òdòdó gíráàmù 250 sí i. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 25. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń se zobo fún wákàtí kan; ìyẹn ló ń jẹ́ kó dà bí àgbo. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ má fún un kíkankíkan. Ẹ máa rí bíi lítà 3 àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ má tíì fi ṣúgà sí i.

Omi atalẹ̀: ẹ fọ atalẹ̀ gíráàmù 400, ẹ má bó o, ẹ rin ín, kí ẹ sè é nínú omi mílílítà 700 lórí iná jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fún ìyókù inú aṣọ. Ẹ jẹ́ kó dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ máa rí ohun funfun kan tó rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹ̀kọ. Bí ó bá bá a wọ ife, ohun mímu yín á dúdú rìndìn, á sì ki lẹ́nu. Ẹ rọra da ti òkè sínú ìkòkò mìíràn. Bí ó bá ti jẹ́ mílílítà 500, ẹ fi ṣúgà gíráàmù 500 sí i, kí ẹ gbé e kaná títí ṣúgà á fi yọ́.

Omi efinrin: ṣúgà gíráàmù 400, omi mílílítà 400, ẹ jẹ́ kó hó kí ṣúgà yọ́, ẹ paná. Ẹ ju ewé efinrin 20 sí i fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ẹ kó gbogbo ewé náà kúrò. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọbẹ̀ ata ni àlejò á rántí.

Omi kíkorò, èyí tó máa rọ́pò Angostura: ẹ bó orógbó 6, ẹ rin ín. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú bẹ èèpo ọsàn mímu 4, kí ìwọ̀nba funfun abẹ́ rẹ̀ bá a lọ. Níbí yìí nìkan ni funfun yẹn ti wúlò. Ẹ fi kànáfùrù 10 sí i àti ìdajì èso inú ataare kan tí ẹ gún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ se gbogbo rẹ̀ nínú omi mílílítà 450 lórí iná jẹ́jẹ́ títí tó fi máa ku bíi 200, kí ẹ sẹ́ ẹ. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò lásán, ojú yín á rún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Ṣíbí ìpotíì 1 ló wà fún ife kan.

Àárọ̀ ọjọ́ òde

Àárọ̀ yìí ni kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́. Omi rẹ̀ tó bá sùn mọ́jú máa ń korò. Ẹ yí ọsàn lórí tábìlì kí ẹ tó gé e, ẹ sẹ́ hóró rẹ̀, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ débi tí èèpo á fi máa da òróró sínú rẹ̀.

Ẹ bẹ ọ̀pẹ̀yìnbó, ẹ lọ̀ ọ́ láìfi omi sí i, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹyọ kan tó mọ níwọ̀n á fún yín ní mílílítà 400 sí 500. Ẹ dà á sínú ike, ẹ gbé e sí fíríìjì lójú ẹsẹ̀.

Gígé ọsàn àti kùkúńbà kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì ṣáájú òde. Ẹ gé wọn ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín, ẹ fi aṣọ tútù bò wọ́n. Kùkúńbà míì máa ń korò ní ìdí. Ẹ tọ́ ọ wò.

Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti tutù, ẹ po ife kan péré nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú yìnyín, kí ẹ tọ́ ọ wò. Òtútù máa ń pa adùn: ohun tó dùn dáadáa nígbà tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á dà bí omi nígbà tó bá dì. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi tún ṣúgà ṣe lórí iná.

Bí a ṣe ń bù ú

Ẹ má tíì ṣí ohunkóhun tó ń hó. Bí ìwé ìpè bá sọ pé aago méjì, ẹ̀yin náà mọ ìgbà tí àlejò máa dé. Chapman tí ẹ pò sínú kẹ́ẹ̀gì ní aago méjì á ti kú fin-ín ní aago mẹ́rin, omi yìnyín á sì ti gba inú rẹ̀. Bí àlejò ṣe ń dé ni kí ẹ máa pò ó. Yìnyín ń lọ sínú ife, kì í lọ sínú jọ́ọ̀gì.

Láti fọ́ yìnyín, ẹ la ọ̀rá kúrò, ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, kí ẹ fi ọmọ odó lù ú. Ẹyọ ńlá ńlá lẹ fẹ́, tó tó ẹyìn méjì mẹ́ta. Èyí tó rún wẹ́wẹ́ á yọ́ kí àlejò tó kí ẹni kẹta.

*Zobo alátalẹ̀.* Ẹ fi yìnyín kún gíláàsì dé ìdajì. Ẹ da zobo mílílítà 90 sí i, omi atalẹ̀ 20, ọsàn wẹ́wẹ́ 10. Ẹ fi ṣíbí rò ó. Omi sódà tútù 60 ló kẹ́yìn, ẹ dà á gba ẹ̀gbẹ́ ife, kí ẹ má sì rò ó mọ́. Hóró ataare 3 tí ẹ tẹ̀ fọ́, lórí rẹ̀. Ẹ má fi kún 3; ó máa ń pẹ́ kó tó jà, àlejò á sì ti mu ún tán.

*Chapman.* Ife 6 lẹ máa pò lẹ́ẹ̀kan nínú jọ́ọ̀gì: Ribena mílílítà 60, ọsàn wẹ́wẹ́ 30, omi kíkorò ṣíbí ìpotíì 6, ọsàn mímu àti kùkúńbà tí ẹ gé, pẹlẹbẹ 6 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó. Lẹ́yìn náà, Fanta 1 àti Sprite 1 tó ti dì dáadáa, ẹ rọra dà wọ́n sí i. Bí Fanta bá lọ́wọ́ọ́wọ́, á hó kọjá etí jọ́ọ̀gì, gáàsì rẹ̀ á lọ, adùn lásán á sì kù. Ife gíláàsì tó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń mu bíà ni wọ́n ti máa ń bu Chapman sí tipẹ́. Bí ẹ bá ní in, ẹ gbé e jáde.

*Ọ̀pẹ̀yìnbó àti efinrin.* Èyí ló lẹ́wà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí fóòmù rẹ̀. Ẹ mú ike onídèrí tó le, ẹ da omi ọ̀pẹ̀yìnbó mílílítà 180 sí i, ọsàn wẹ́wẹ́ 30, omi efinrin 30, yìnyín ẹyọ mẹ́rin, iyọ̀ fín-ín-ní. Ẹ dé e pinpin, ẹ mì í bí ẹní mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Fóòmù funfun á bo òkè rẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ sínú ife 2 tí yìnyín tuntun wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi omi sódà 60 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé ewé efinrin kan sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì gbá a lẹ́ẹ̀kan kí òórùn rẹ̀ jáde, kí ẹ gbé e lé orí rẹ̀. Ẹ má gún ewé náà. Ẹ má sì mi omi sódà nínú ike, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí àjà mu tirẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí zobo tó dáa, àjàgbọn tí àwọn Hausa ń pè ní tsamiya lè gba ipò rẹ̀. Ẹ rẹ gíráàmù 200 sínú lítà kan omi gbígbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fọwọ́ fọ́ ọ, ẹ sẹ́ ẹ. Mílílítà 60 rẹ̀, tíì dúdú tútù 90, omi atalẹ̀ 30, iyọ̀ díẹ̀. Ẹ rántí pé àjàgbọn máa ń tú inú. Ife méjì tó fún ẹnikẹ́ni tó ní ìrìn-àjò níwájú.

Nídìí tábìlì

Èèyàn méjì ni kó dúró níbẹ̀: ọ̀kan ń pò, èkejì ń bójú tó yìnyín àti ife, ó sì ń gbé e kiri. Àgbà kì í tò lórí ìlà. Ẹ gbé tiwọn lọ bá wọn níjòókòó, kí ẹ rọra bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ máa ń mu nǹkan dídùn?" Ìbéèrè yìí á jẹ́ kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè sọ pé òun kò fẹ́, láìjẹ́ pé gbogbo àga gbọ́ àìsàn rẹ̀. Fún irú wọn: zobo tí kò ní ṣúgà mílílítà 90, ọsàn wẹ́wẹ́ 5, omi sódà 90, pẹlẹbẹ kùkúńbà kan, nínú gíláàsì kan náà tí ẹ̀ ń bù fún àwọn yòókù.

Zobo máa ń mú ìfúnpá wálẹ̀ díẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má mu ún léraléra. Aboyún, ẹ fún un ní ti ọ̀pẹ̀yìnbó. Ẹ kọ ohun tó wà nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan sára páálí kékeré níwájú jọ́ọ̀gì rẹ̀. Ìyẹn á gba yín lọ́wọ́ ìdáhùn ìgbà ọgọ́rùn-ún.

Bí ẹ bá ń gbé àsun tàbí súyà jáde, ẹ mọ̀ pé ohun tó ń hó máa ń mú kí ata jà sí i lẹ́nu. Ẹni tí ata ti mú, ẹ má gbé Chapman fún un. Omi àgbọn tútù tàbí ọ̀pẹ̀yìnbó tí kò ní sódà ni kí ẹ fún un. Zobo bá pọ́fù-pọ́fù àti mọ́ínmọ́ín mu dáadáa, torí kíkan rẹ̀ ń gé òróró.

Ẹnì kan á da zobo sára léèsì funfun. Ẹ ti múra sílẹ̀ fún un. Ẹ má fi ọṣẹ ṣáájú, torí ọṣẹ máa ń sọ pupa zobo di aró. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí ojú ibẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ, lẹ́yìn náà omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, kí ẹ tún fi omi tútù ṣàn án. Ìgbà tí pupa náà bá ti lọ ni ọṣẹ tó kàn án.

Lẹ́yìn òde, Chapman tó ṣẹ́kù nínú jọ́ọ̀gì kò wúlò mọ́, ẹ dà á nù. Zobo tí wọn kò tíì fi nǹkan pò á lo ọjọ́ kan sí i nínú fíríìjì. Omi atalẹ̀ á lo ọ̀sẹ̀ méjì. Omi kíkorò tó kù, ẹ dà á sínú àwo yìnyín, kí ẹ dì í. Ẹyọ kan rẹ̀ tó fún jọ́ọ̀gì Chapman míì.